Ẹnjiníà Tó Ń Yẹ Irin Wò: Ọ̀nà Tí Mo Gbà Dé Ìdí Iṣẹ́ Yìí

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Pólì Adó tàbí láti ọgbà FUOYE tó wà ní Ìkọ̀lé bá wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì, ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń bi mí nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kàwé ẹnjiníà dé òkè òkun, kí ló dé tó fi jẹ́ àyẹ̀wò lẹ mú ṣe iṣẹ́, tí ẹ kò máa ṣe ẹ̀rọ jáde?” Wọn kò sọ ọ́ láti tàbùkù mi. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń sọ, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ní í ṣe ẹ̀rọ, àti pé ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ìyẹn ni wọ́n máa ń fi sí QC, ìdí àyẹ̀wò ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe, kí ó máa dúró lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó máa sàmì sí èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà ní kíkún níhìn-ín, nítorí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé nínú ọ̀nà tuntun tí ayé ń gbà ṣe irin lónìí, iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ nǹkan wò ti kúrò ní iṣẹ́ ẹ̀yìn. Òun ni ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé a lè fi ẹ̀mí ènìyàn lé ohun tí wọ́n ṣe.

Ìdí ìkòkò ni mo ti kọ́kọ́ rí àyẹ̀wò. Ìyá mi ń ta ìkòkò amọ̀ ní Ọjà Ọba ní Adó, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Ìsàn-Èkìtì, tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ ìkòkò mímọ, ni ó sì ti ń rà á. Kí ó tó sanwó, yóò gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò fi oríkèé ìka ọ̀tún kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì dẹtí sílẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá dún gbọnran, tó sì falẹ̀ díẹ̀ kó tó parẹ́, yóò gbé e sápá kan. Èyí tó bá dún pọ̀, tí ohùn rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, kò ní í rà á, bí ojú ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí ìlà kankan lára rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ibì kan ti sán nínú rẹ̀, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kaná ni àṣírí yóò tú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú ń lo ọgbọ́n yìí gan-an: wọ́n á mú kí ẹ̀yà irin gbọ̀n, ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á sì fi í wé ti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó yè kooro. Ìyàtọ̀ tó bá wà nínú gbígbọ̀n náà ni yóò sọ pé nǹkan wà nínú irin tí ojú kò rí.

Àkúrẹ́ ni mo ti kàwé, ní FUTA, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irin àti àwọn ohun èlò mìíràn tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ níbẹ̀ ni ìdánwò tí wọ́n fi orúkọ Georges Charpy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, pè, ẹni tó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1901. Ọ̀pá irin kékeré ni wọ́n ń lò fún un: gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 55, ìbú àti ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, wọ́n á sì gé ojú kan tó rí bíi lẹ́tà V sí àárín rẹ̀, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2. Òòlù ńlá kan tó so rọ̀ yóò fì wá láti òkè, yóò lu ẹ̀yìn ojú gígé náà, yóò ṣẹ́ irin, yóò sì tún gòkè lọ sí òdìkejì. Bí ó bá ṣe gòkè tó lódìkejì ni a fi ń ṣírò agbára tí irin náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣẹ́.

Wọ́n fún wa ní ọ̀pá méjì tí wọ́n gé láti ara irin kan ṣoṣo. A kó ọ̀kan sínú yìnyín àti iyọ̀ títí tó fi tutù nini, a sì fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí òòlù ṣẹ́ méjèèjì tán, mo gbé ojú wọn sábẹ́ iná. Ojú èyí tí a kò fi sínú yìnyín ṣú, ó rí ṣákiṣàki, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ̀ síta. Ó hàn gbangba pé irin náà jà kó tó gbà. Ojú èyí tó tutù tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń dán wínníwínní, kò jà rárá. Irin kan náà ni, ilé-iṣẹ́ kan náà ló yọ́ ọ, síbẹ̀ ó hu ìwà méjì nítorí òtútù nìkan. Láti ìgbà náà ni n kò ti gbà mọ́ pé orúkọ tí wọ́n kọ sára irin ti tó láti sọ bí yóò ṣe rí nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá Ìkòròdú, tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin láti fi ṣe rọ́ọ̀dù ìkọ́lé, ni mo ti ṣe IT tèmi. Àgbàlagbà tó wà nídìí QC níbẹ̀ jẹ́ ará Ìjerò-Èkìtì, Bàbá Ìjerò ni gbogbo wa sì ń pè é. Ohun èlò tó fọkàn tán jù lọ ni òṣùwọ̀n. Yóò gé rọ́ọ̀dù ní mítà kan géérégé, yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Rọ́ọ̀dù tó jẹ́ mìlímítà 12 lóòótọ́ gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bíi kílò 0.888 ní mítà kan. Bí ó bá wọn nǹkan bíi kílò 0.746, mìlímítà 11 ni, ohunkóhun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé mìlímítà kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 11 lọ́nà 11 sì jẹ́ 121. Èyí ni pé nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún irin tí onílé sanwó fún kò sí níbẹ̀ rárá, agbára tí rọ́ọ̀dù náà ní láti gbé ẹrù sì ti dín ní ìwọ̀n kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, a mú àpẹẹrẹ rọ́ọ̀dù sórí ẹ̀rọ tó ń fa irin títí yóò fi já, ó sì já kó tó dé iye tó yẹ kó dé. A mú òmíràn, òun náà tún já. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti di ẹrù náà sórí tírélà. Ọ̀gá kan sọ̀ kalẹ̀ wá láti ọ́fíìsì, ó ní kí a fọwọ́ sí ìwé nítorí oníbàárà ti ń pè láti àárọ̀. Bàbá Ìjerò kò jà, kò sì pariwo. Ó fi ìwé àti bírò lé ọ̀gá náà lọ́wọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Orúkọ tó bá wà lábẹ́ ìwé yìí ni wọ́n máa pè lọ́jọ́ tí ilé bá wó. Ẹ kọ tiyín sí i.” Ọ̀gá náà wo ìwé, ó wo rọ́ọ̀dù tó já, ó sì gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó padà sínú ìléru. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ, mo sì mọ̀ pé láìsí wọn kò sí ohun tí a óò yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè dá tírélà dúró.

Lẹ́yìn tí mo sin ìlú tán, tí mo sì ṣiṣẹ́ QC fún ọdún mélòó kan, mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú irin ni Sheffield. Ibẹ̀ ni Harry Brearley, tó jẹ́ olórí yàrá àyẹ̀wò Brown Firth, ti ṣe irin tí kì í dípẹtà ní ọdún 1913. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni láti wá irin tí inú ìbọn tí wọ́n bá fi ṣe kò ní í tètè jẹ. Àwa tó ń yẹ irin wò máa ń fi ásíìdì kan ojú irin kí a lè rí bí inú rẹ̀ ṣe tò lábẹ́ maikirosikóòpù, ohun tí òun náà sì ṣe nìyẹn. Nígbà tó dé orí irin kan tó ní nǹkan bí ìdá 13 chromium nínú ọgọ́rùn-ún, ásíìdì kò ràn án. Ẹlòmíràn ì bá ní ìdánwò náà kò jọ, ì bá sì gbé irin náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Brearley rí i pé irin tí ásíìdì kò lè jẹ yóò wúlò fún ọ̀bẹ orí tábìlì. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ IT, nítorí ó já irọ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn, pé ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kì í dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Ṣíbí tó wà nínú ilé ìdáná ìyá wọn, yàrá àyẹ̀wò ni irin rẹ̀ ti jáde.

Sheffield náà ni mo ti kọ́kọ́ dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń fi lésà tẹ irin jáde, irú iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí 3D printing. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọgbọ́n náà ti dé. Charles Hull gba ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ fún tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986, oje tó máa ń le bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án ni òun sì ń lò. Ti irin ló wá mú iṣẹ́ àyẹ̀wò gbòòrò. Ẹ̀rọ náà á tẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwo kan, ìpele kan lè má ju mìlímítà 0.03 lọ, lésà á sáré gba ibi tó yẹ kó di irin kọjá, ibẹ̀ á yọ́, á sì dì lójú ẹsẹ̀, àwo á wálẹ̀ díẹ̀, ìpele mìíràn á tún tẹ́ lé e. Inú àpótí tí wọ́n ti lé ọ́síjìn kúrò, tí wọ́n sì fi gáàsì argon rọ́pò rẹ̀, ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré yóò ní ìpele tó lé ní 3,000.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí ni ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ọmọ wa wà. Látijọ́, irin ti di irin kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ. Òun àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wá láti ilé-iṣẹ́ tó yọ́ ọ. Wọ́n ti fà á, wọ́n ti lù ú, wọ́n ti mọ agbára rẹ̀, ohun tó kù kò ju kí a rí i pé wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tó yẹ. Nínú 3D printing, kò sí irin kankan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́búlẹ́bú ló wà; wákàtí kan náà ni irin àti ẹ̀yà ẹ̀rọ ń wáyé. Bí agbára lésà bá lọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ní ìpele 1,200, ibẹ̀ nìkan ni yóò bàjẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò yè kooro, ẹni tó sì dúró níta kò ní rí nǹkan kan. Ìwé ẹ̀rí tó bá lẹ́búlẹ́bú wá kò mọ nǹkan kan nípa ìpele 1,200 yẹn. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nìkan ló lè jẹ́rìí sí i.

Ẹ wo ohun tó ń fọ́n epo nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní LEAP. Nǹkan bí ẹ̀yà 20 tí wọ́n ń jó pọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti di ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ jáde, ẹ́ńjìnnì náà sì ti ń gbé èrò lójú òfuurufú láti ọdún 2016. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀yà 20, wọ́n lè yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó jó wọn pọ̀. Nígbà tó di ẹyọ kan, tí ọ̀nà epo sì ń lọ́ kiri nínú rẹ̀ níbi tí ojú àti ọwọ́ kò lè dé, ọ̀nà tí a fi ń wo inú nǹkan ní láti yí padà.

CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú nǹkan, ni a wá gbára lé. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ló máa ń yí aláìsàn ká. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yà irin ló máa ń yí lórí tábìlì kékeré kan, tí ìtànṣán X-ray á máa gba inú rẹ̀ kọjá, tí kọ̀ǹpútà á sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán jọ di odidi ohun kan tí a lè là sí wẹ́wẹ́ lójú kọ̀ǹpútà láìfi ayùn kàn án. Irin máa ń funfun nínú àwòrán náà, ihò á sì dúdú. Ihò kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó rí róbótó, tó sì kéré, sábà máa ń jẹ́ gáàsì tó há sínú lẹ́búlẹ́bú. Èyí tó jìn wọlé sí ìsàlẹ̀ ń sọ pé agbára lésà pọ̀ jù, ó lu irin yíyọ́ náà jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì pa dé mọ́ afẹ́fẹ́ lórí. Èyí tó tẹ́, tó fẹ̀, tí etí rẹ̀ mú, tí a tún lè rí hóró lẹ́búlẹ́bú tí kò yọ́ nínú rẹ̀, ń sọ pé ìpele méjì kò lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo bẹ̀rù jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí etí tó mú ni irin ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí sán.

Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ kan fi àwọn ẹ̀yà titanium, irin fúfúyẹ́ tó lágbára, tí wọ́n tẹ̀ papọ̀ lórí àwo kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo là wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lójú kọ̀ǹpútà, ìpele lé ìpele, gbogbo rẹ̀ sì funfun. Mo dé ibì kan, àmì dúdú pẹlẹbẹ bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí mo sì ti kọjá ibẹ̀ wọ́n tún pòórá. Mo ṣí ẹ̀yà kejì, mo bá àmì náà ní gíga kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú ló ní àrùn, ihò náà ì bá fọ́n ká gbogbo ibi. Bí wọ́n ṣe tò sí gíga kan nínú gbogbo ẹ̀yà fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ló bí wọn. A ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wọn ránṣẹ́, a sì rí i níbẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ti dúró ní gíga yẹn gan-an, ohun tó wà lórí àwo ti tutù, kó tó tún tẹ̀ síwájú. Kò sí ẹni tó sọ fún wa. Irin fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. N kò tíì rí iṣẹ́ ẹnjiníà mìíràn tó dùn mọ́ mi bí èyí.

CT pàápàá ní ààlà, ẹni tó bá sì fi ààlà náà pamọ́ kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Bí ẹ̀yà bá ṣe tóbi tó, tí irin rẹ̀ sì kì tó, bẹ́ẹ̀ ni ihò tó kéré jù lọ tí a lè rí ṣe ń tóbi sí i. Nítorí náà, ìròyìn tí mo bá kọ kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí ihò nínú nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé n kò rí ihò tó tóbi ju ìwọ̀n kan pàtó lọ, kí n sì kọ ìwọ̀n náà síbẹ̀.

Ọ̀nà wà láti pa ihò inú irin dé. Wọ́n á gbé ẹ̀yà titanium náà sínú agbada irin tó nípọn, wọ́n á gbé ooru dé nǹkan bíi 920 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì fi gáàsì argon tẹ̀ ẹ́ láti gbogbo ìhà pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 1,000 ti afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Ihò á fún, á sì lẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí ẹnu rẹ̀ bá yọ síta kò ní í pa dé, nítorí gáàsì tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ láti òde ni yóò gba ẹnu náà wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ nǹkan wò ṣáájú iṣẹ́ yìí àti lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú náà ní tirẹ̀: èyí tí lésà kò kàn ni wọ́n ń kó jọ lò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lè máa fa ọ́síjìn sára ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó. Fún titanium tí wọ́n ń lò jù, ọ́síjìn kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin náà á gan, kò ní lè tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Ìdánwò tó rọrùn jù tí mo fẹ́ràn ni ti àrọ: a ó da gíráàmù 50 lẹ́búlẹ́bú sínú àrọ irin kékeré tí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 2.5, a ó sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dà tán. Lẹ́búlẹ́bú tí kò bá ṣàn dáadáa nínú àrọ kò ní í tẹ́ dáadáa nínú ẹ̀rọ.

Ọmọ IT kan bi mí léèrè ìdí tí a fi ń na ẹ̀yà kan, tí a sì tún ń dẹ̀ ẹ́, fún ìgbà àìmọye, nígbà tó ti gbé ẹrù tó ju tirẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan láìṣẹ́. Mo sọ nípa ọkọ̀ òfuurufú Comet fún un. Ọdún 1952 ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò. Ní oṣù Kìíní àti oṣù Kẹrin ọdún 1954, méjì nínú wọn fọ́ lójú òfuurufú lórí Òkun Mẹditaréníà, gbogbo ẹni tó wà nínú wọn ló sì kú. Wọ́n ti dán ara ọkọ̀ náà wò pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí yóò bá pàdé lójú òfuurufú lọ, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ní Farnborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé odidi ara Comet kan sínú táǹkì omi, wọ́n ń fún un, wọ́n ń tú u, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń le tó sì ń dẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbéra tó sì balẹ̀, títí ó fi ya. Irin tó gbé ẹrù ńlá lẹ́ẹ̀kan lè ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀. Ihò pẹlẹbẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, ó lè má hàn rárá nínú ìdánwò fífà. Inú ìdánwò alọ-àbọ̀ yìí ló máa ń fi ara hàn.

Adó ni mo wà báyìí. Mò ń ka àwòrán CT fún yàrá àyẹ̀wò kan lókè òkun, fáìlì ẹyọ ẹ̀yà kan sì lè tó gígábáìtì 16, nítorí náà sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára ni mo kọ́kọ́ náwó lé lórí kí n tó ra àga ìjókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń wọn ẹ̀yà ẹ̀rọ fún àwọn oníṣẹ́ tó wà nítòsí. Ooru ni ọ̀tá wa níbí. Gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan pé ìwọ̀n ẹ̀yà ẹ̀rọ ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí ooru bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tó jẹ́ mìlímítà 100 yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 0.0115 gùn sí i bí yàrá bá gbóná dé 30, bẹ́ẹ̀ àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àṣìṣe lè má ju mìlímítà 0.01 lọ. Nínú oṣù Kẹta ní Adó, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù á sọ ohun tó dára di ohun tí kò dára. A máa ń gbé ẹ̀yà sínú yàrá náà di ọjọ́ kejì kí a tó gbé micrometer, ohun èlò tí a fi ń wọn ìnípọn, kàn án, oníbàárà tó bá ń kánjú sì ní láti fara dà á.

Àwọn kan sọ pé irú iṣẹ́ yìí jìnnà sí Èkìtì. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrè-Èkìtì, tí a fi ń ki Ògún ní Onírè, wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì ti ń fi àwọ̀ irin nínú iná mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lù ú láti ayébáyé. Ohun tó ń dí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ni pé wọ́n kò kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àkójọ-iye (statistics) dáadáa. Nígbà tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ jù lọ, ju orí ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó fa ọ̀pá irin márùn-ún, tó sì rí iye márùn-ún tó yàtọ̀ síra, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lè sọ nípa ọ̀pá kẹfà tí kò fà, àti ohun tí kò lè sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé kíkọ, nítorí ìròyìn tí kò yé ẹni tó fẹ́ lò ó ti sọ àyẹ̀wò tó dára di asán. Ìwé ẹ̀rí náà wà: ìlànà ISO 9712 pín àwọn tó ń yẹ nǹkan wò láìbà á jẹ́ sí ipele mẹ́ta, COREN wà fún ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹnjiníà tí ìjọba mọ̀, yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ sì ní ISO/IEC 17025 tirẹ̀. Wọ́n ṣe pàtàkì, ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣáájú ìmọ̀ ìṣirò.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò CT. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹnjiníà ní ẹ̀rọ Brinell kan, irú èyí tó ń fi bọ́ọ̀lù líle tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 tẹ ojú irin kí a lè wọn àpá rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́ yín. Ẹ mú irin kan ṣoṣo, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ibi púpọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín àpá kan àti èkejì, ẹ kọ gbogbo iye tí ẹ bá rí sílẹ̀ láìyọ èyí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn kúrò, ẹ sì kọ ìdí tí ẹ rò pé wọn kò fi dọ́gba sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi, òun ni a ó kọ́kọ́ jọ kà.